Iyanrìn ló ń pa dídán táìsì: bí ẹ ṣe lè dènà àpá lórí ilẹ̀ yín

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, màmá kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, fi ìbínú pè mí lórí fóònù. Èmi ni mo lẹ táìsì pálọ̀ wọn, kò sì tíì pé oṣù méjì. "Bàbá oní-táìsì, ẹ wá wo iṣẹ́ yín o. Gbogbo ilẹ̀ ti ha tán!" Mo gun ọ̀kadà lọ. Lóòótọ́, ìlà aláwọ̀ eérú kún ilẹ̀, òmíràn gùn tó apá mi, méjì-méjì ni wọ́n sì ń rìn bí ojú irin rélùwéè. Mo ní, "Mà, ta ló ṣiṣẹ́ níbí lẹ́yìn mi?" Wọ́n ní akunlé ni, òun àti àkàbà alumíníọ̀mù rẹ̀. Mo tọrọ béékìn sódà nínú kíṣìnì, mo fi omi díẹ̀ pò ó títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo fi àkísà rírọ̀ bù ú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ojú ìlà kan yípo-yípo. Ìlà náà ń ṣá, ó ń ṣá, ó pòórá. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń jáde lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo fi ojú wo ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn bọ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń gbé ẹsẹ̀ lé kí wọ́n tó wọlé, dídán ti ń kúrò lójú táìsì méjì. Àpá gidi nìyẹn. Béékìn sódà kò lè mú un kúrò, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kíyè sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Èyí tí ojú ń rí, tí wọ́n ń torí ẹ̀ pè wá, ó sábà máa ń ṣeé nù kúrò. Èyí tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ gan-an ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bàtà.

Ohun tó wà lójú táìsì

Amọ̀ ni ara táìsì. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da omi kan tó ki bíi wàrà lé e lójú, wọ́n á wá sun ún nínú iná tó gbóná ju 1,000 dígíríì lọ. Ìyẹ̀fun òkúta àti amọ̀ tó wà nínú omi yẹn á yọ́, á sì di dígí. Awọ dígí yìí ló ń dán, òun ni kì í jẹ́ kí omi àti epo wọ inú táìsì, òun náà ló sì ń dáàbò bo àwọ̀ àti àwòrán rẹ̀. Kò nípọn, kì í sábà tó mìlímítà kan. Ẹ wo etí àfọ́kù táìsì, ẹ ó rí i lókè bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ara tó kù lábẹ́ rẹ̀ á pupa bí ìkòkò tàbí kó funfun. Bí àwọ̀ bá ṣe ọ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò sí ìlà kankan, a jẹ́ pé èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ dán lójú ni, ìtọ́jú tiẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀.

Ní ọdún 1812, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Mohs to òkúta mẹ́wàá láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: èyí tó le ni yóò ha èyí tó rọ̀. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe àtíkè ni nọ́ńbà 1. Nọ́ńbà 2 ni jípísọ̀mù, òun ni wọ́n ń sun di POP tó wà lórí àjà ilé yín. Nọ́ńbà 3 ni èyí tó pọ̀ jù nínú mábù, ìdí nìyẹn tí mábù fi máa ń tètè lápá. Dáyámọ́ńdì ni 10. Dígí lásán wà ní nǹkan bí 5 àti ààbọ̀, irin ọ̀bẹ náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Awọ ojú ọ̀pọ̀ táìsì wà láàárín 5 sí 6, àwọn kan lé díẹ̀.

Iyanrìn ńkọ́? Kúọ́tìsì ló pọ̀ jù nínú iyanrìn tí à ń fi po sìmẹ́ǹtì, 7 sì ni kúọ́tìsì. Ẹ wá ro ti hóró iyanrìn kan lábẹ́ bàtà ẹni tó wọn ọgọ́rin kílò, tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ síbi fíríìjì. Sáńpépà ni. Alumíníọ̀mù ní tiẹ̀ rọ̀ gan-an, kò tó 3. Kò lágbára láti ha táìsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ara sílẹ̀ lórí rẹ̀, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe lójú pátákó.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀

Ẹ wá PEI lára páálí. Nọ́ńbà kan á wà níwájú rẹ̀, láti 0 dé 5; bó bá ṣe ga tó ni ojú táìsì ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó jẹ. Orúkọ Porcelain Enamel Institute ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìdánwò rẹ̀ sì wà nínú ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 10545-7. Wọ́n á da ìyẹ̀fun kọ̀rọ́ńdọ̀mù, tó jẹ́ 9 lórí àtẹ Mohs, àti bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ àti omi sójú táìsì, ẹ̀rọ á máa yí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró ní mítà méjì sí i, wọ́n á wò ó bóyá ibi tí ẹ̀rọ lò ti yàtọ̀ sí ibi tí kò lò. Èyí tó yàtọ̀ lẹ́yìn ìyípo 150, nọ́ńbà 1 ni. Èyí tó yàtọ̀ ní 600, nọ́ńbà 2. Ní 750 tàbí 1,500, nọ́ńbà 3. Láti 2,100 dé 12,000, nọ́ńbà 4. Èyí tó kọjá 12,000 tí àbàwọ́n kò sì mú un, òun ni 5. Ara ògiri ni kí 0 wà, kó má kúrò níbẹ̀.

Nínú ilé, 2 lè gbé balùwẹ̀ àti yàrá tí a kì í wọ bàtà wọ̀. Nọ́ńbà 3 tó fún ọ̀pọ̀ yàrá yòókù. Ṣùgbọ́n bí àdúgbò yín kò bá ní ọ̀dà, tí yẹ̀pẹ̀ pupa ń bá yín wọlé lójoojúmọ́, èmi ò ní fi ohun tó kéré sí 4 sí pálọ̀, kíṣìnì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń rọ́ wọ̀, 5. (Mo ti kíyè sí i pé táìsì inú mọ́ṣáláṣí máa ń pẹ́ kó tó ṣá. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi PEI tàn yín jẹ o. Bí ojú ṣe ń jẹ lápapọ̀ ló ń wọ̀n, kò ṣèlérí pé hóró iyanrìn kan kò ní fa ìlà. Mo ti rí táìsì dúdú tó ń dán bíi díńgí, PEI 4 ni lára páálí, tí gbogbo ìlà tó wà lójú rẹ̀ ń kí èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá bi mí, dúdú tó ń dán kò yẹ ilẹ̀ pálọ̀ nílẹ̀ wa, bó ti wù kó rẹwà tó nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí kò dán púpọ̀, tó ní àmì tóótòòtó, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti yẹ̀pẹ̀, ni àpá máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á, ì báà jẹ́ ní Kókà, Òrílé, l'Ékòó, tàbí níbikíbi, àfọ́kù kì í wọ́n. Ẹ tọrọ ọ̀kan. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ fa ìlà sí i lójú pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì fi ìka olómi nù ún. Bó bá lọ, irin ló fi ara sílẹ̀. Bó bá kù, ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Èékánná tó bá há síbẹ̀ ti jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé awọ yẹn rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ bu iyanrìn díẹ̀ sójú rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín yí i lórí rẹ̀ nígbà ogún, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sí oòrùn wò. Ẹ ṣe é fún irú méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ tò wọ́n síra. Ẹni tó ń tà lè fojú burúkú wò yín. Ẹ jẹ́ kó wò.

Ẹ ra páálí kan lé. Páálí 60 sí 60 tó ní mẹ́rin ń bo mítà 1.44 níbùú lóòró. Ẹ ṣírò iye tí ẹ nílò, ẹ fi páálí kan kún un fún ọjọ́ iwájú. Ẹ rí i pé nọ́ńbà àwọ̀ àti nọ́ńbà ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára gbogbo páálí bára mu, torí pé táìsì kan náà tí wọ́n sun lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ lè má jọra. Bí ẹ bá padà lọ rà á lọ́dún méjì sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i mọ́ rárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù

Nígbà tí táìsì bá ti wà nílẹ̀, tí akunlé, káfíńtà àti àwọn oní-POP kò tíì kúrò, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àpá máa ń wọlé. Ẹ gbá ilẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ ya àwọn páálí táìsì tó ti ṣófo, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀. Gbígbá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá, torí iyanrìn tí ẹ bá fi páálí bò mọ́lẹ̀, ẹ kàn gbé e sí abẹ́ sáńpépà ńlá ni. Ẹ fi àkísà di ẹsẹ̀ àkàbà.

Sìmẹ́ǹtì funfun tí a fi ń dí àárín táìsì, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní gíráòtì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ nù ún kúrò lójú táìsì kó tó gan. Kànìnkànìn tútù ló dára jù. Bó bá ti gbẹ tó dà bí eruku funfun, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí gíráòtì le, kí ẹ wá fi fínígà tí ẹ là pẹ̀lú omi púpọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ásíìdì bátìrì sí i. Ó máa ń hó yeye, ó máa ń mọ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn á sì máa yìn ín, àmọ́ gíráòtì ló ń jẹ. Kò ní pẹ́ tí àárín táìsì á fi máa ya bí iyọ̀.

Ẹnu ọ̀nà

Bí nǹkan kan ṣoṣo bá wà tí ẹ máa ṣe nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹní ìnusẹ̀ méjì. Ti ìta á le, bí èyí tí wọ́n fi èèpo àgbọn hun, kó lè já iyanrìn kúrò lábẹ́ bàtà. Ti inú á rọ̀, aṣọ ni, kó lè gba eruku tó kù. Kí ti inú gùn tó mítà kan àti ààbọ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ̀ ẹ́ kó tó kan táìsì. Ẹ máa gbọ̀n wọ́n níta lójoojúmọ́, torí ẹní tó ti kún fún iyanrìn ń pín in kiri ni. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbálẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àṣà bíbọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kò ná yín ní kọ́bọ̀; bí àlejò bá jẹ́ àgbà tí ẹ kò lè sọ fún, ẹ jẹ́ kí ẹní bá yín sọ ọ́.

Àga, fíríìjì, odó

Ẹ lẹ aṣọ tó nípọn tàbí rọ́bà mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àga gbogbo. Ẹ máa yí àga dojú dé lóṣooṣù kí ẹ sì wo aṣọ náà, torí hóró iyanrìn máa ń há sínú rẹ̀, àga tó wọ bàtà iyanrìn sì burú ju èyí tí kò wọ bàtà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ sún fíríìjì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbá iwájú rẹ̀, ẹ ti bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí èèyàn méjì fà á. Ẹ fi rọ́bà sí abẹ́ sílíńdà gáàsì, kí ìdí rẹ̀ tó ti dógùn-ún má baà ya òrùka pupa sílẹ̀.

Odó kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí táìsì, ẹ jọ̀ọ́. Awọ dígí kò bẹ̀rù ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àmọ́ kò lè gba ìlù. Bí abẹ́ táìsì bá ṣófo, tí ẹ bá kàn án tó ń dún kó-kó bí agbè, iyán ọjọ́ kan tó fún un. Ẹ gbé odó jáde síta. Bí òjò bá sì lé yín wọlé, ẹ ká àpò ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má gún un pẹ́.

Gbígbá, kí nínù tó wá

Ẹni tó bá nu ilẹ̀ láìgbá a ń fi omi gbé iyanrìn yí ká ni. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ wa kò ní wàhálà kankan. Lẹ́yìn gbígbá, ọṣẹ olómi ṣíbí kan nínú omi lítà mẹ́wàá ti tó. Mọ́ọ̀pù rírọ̀, kó má sí irin tó yọ lórí rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó ní omi lásán fún fífún un. Bí omi kejì bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ní dídán rẹ̀ ti lọ, ọṣẹ tó pọ̀ jù ló bò ó lójú. Ẹ fi ife fínígà kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi nu táìsì ẹyọ kan, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bó bá dán ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Àwọn ìyá wa máa ń fi pólíìṣì pupa dán ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì títí á fi máa ṣàfihàn ojú èèyàn, àwọn ọmọ á sì máa ṣubú lórí rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń mu pólíìṣì. Awọ dígí kò mu nǹkan kan. Orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí, á máa kó eruku jọ, á sì máa yọ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń bù sómi mọ́ọ̀pù náà nìyẹn, yàtọ̀ sí pé òun tún ń fa iná.

Àbàwọ́n

Epo pupa: ọṣẹ àti omi gbígbóná. Àbẹ́là: ẹ fi yìnyín mú un gan, kí ẹ fi kádì ATM tó ti kú hó o kúrò. Ọ̀dà èékánná: ohun tí ẹ fi ń nù ún kúrò lọ́wọ́ kò ní ṣe awọ dígí ní nǹkan kan. Ìlà irin àti alumíníọ̀mù: béékìn sódà bí mo ṣe ṣe ní Mọ́kọ́lá, tàbí ọṣẹ ìfọyín funfun. Ó rọ̀ ju awọ dígí lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ha á. Àbàwọ́n irin tó dógùn-ún: oje ọsàn wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí gíráòtì.

Kànìnkànìn irin, eérú, iyanrìn tí a fi ń fọ ìdí ìkòkò, kí wọ́n dúró sídìí ìkòkò. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní hydrofluoric ń jẹ dígí fúnra rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹni tó bá kàn án lára. Bí ẹ bá rí i lára ike ohun ìfọlẹ̀ kankan, ẹ má rà á. Ẹ má sì po bílíìsì mọ́ fínígà tàbí ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé. Èéfín kòlóríìnì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀.

Bó bá ti lápá lóòótọ́

Ẹ lo béékìn sódà ná. Bí ìlà kò bá lọ, ẹ fi èékánná kọjá lórí rẹ̀. Bí èékánná kò bá há, àpá náà kò jìn. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì kékeré síbẹ̀, kí ẹ máa bá ayé yín lọ. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun á gbé ẹ̀rọ wá dán an. Bó bá ha awọ dígí kúrò, amọ̀ ló kù, amọ̀ sì ń mu ìdọ̀tí. Etí tó bù díẹ̀ ṣeé fi gọ́ọ̀mù epóksì tí ẹ po mọ́ àwọ̀ tó jọ ọ́ dí. Ẹ fi abẹ gé èyí tó yọ sókè kó tó le tán.

Bó bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wọ awò tó bo ojú, torí dígí ni yóò máa ta. Ẹ fi téèpù bo etí àwọn táìsì tó yí i ká. Ẹ ha gbogbo gíráòtì etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò pátápátá. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú, tí ẹyọ kan á di mẹ́ta. Ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí àárín táìsì, kí ẹ fi ṣísù àti òòlù bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti etí láé. Ẹ ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ títí ibẹ̀ á fi jìn ju táìsì lọ ní mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ẹ gbá eruku rẹ̀. Ẹ gbé táìsì tuntun síbẹ̀ lásán wò kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ fi tírówẹ̀lì eléyín tẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ tẹ táìsì mọ́ ọn, ẹ gbé pákó títọ́ lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó bá àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ dúró wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ẹ tó fi gíráòtì sí i.

Lọ́dún tó kọjá, màmá Mọ́kọ́lá tún pè mí, ohùn wọn rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Táìsì méjì ẹnu ọ̀nà ti di fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀, kódà àwòrán ti ń lọ lára ọ̀kan. Páálí tí mo ní kí wọ́n pa mọ́ ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, alántakùn ti lu àwọ̀n sí i. Mo fi ọ̀sán kan pààrọ̀ méjèèjì, wọ́n sì rán ọmọ lọ ra ẹní ìnusẹ̀ kí n tó kó irinṣẹ́ mi. Àfọ́kù kan lára èyí tí mo yọ wà nínú àpò mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Igun rẹ̀ kan ń dán bí ọjọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́, torí ìkòkò òdòdó ló jókòó lé e lórí. Ìyókù dà bí ẹ̀yìn àwo.